Iná, Èéfín àti Afẹ́fẹ́ Agége

Láti àwọn ọdún 1950 ni ilé-iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i ní Ìkejà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agége. Ààrò búrẹ́dì Agége, bọ́ílà ilé-iṣẹ́ ọ̀nà Ọba Akran, jẹnẹrétọ̀ Ògbà, dánfó Pen Cinema: iná ni gbogbo wọn ń jẹ, afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń tú èéfín sí.

BÍ INÁ ṢE Ń JÓ
Nǹkan mẹ́ta ni iná ń fẹ́: ohun tí yóò jó, ooru, àti ọ́síjìn, tó jẹ́ ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́. Kílò bẹntiróòlù kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi kílò 15 kó tó lè jó tán. Bí afẹ́fẹ́ bá dín, epo tí kò jó tán á bá èéfín jáde. Owó epo ló ń fẹ́ lọ nínú èéfín dúdú.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÈÉFÍN
Kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì: kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn.
Eruku lẹ́búlẹ́bú: ó kéré sí fífẹ̀ irun orí lọ́nà bí ọgbọ̀n, ó sì ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró.
Gáàsì imí ọjọ́: inú dísù ló ti ń wá, ó ń ta ọ̀nà ọ̀fun, ó sì ń ru ikọ́ fée sókè.

Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí gba ẹ̀mí bí 11,200 láìtọ́jọ́ ní Èkó lọ́dún 2018.

BÍ A ṢE Ń DÍN IN KÙ
Ààrò: igi gbígbẹ ni kí ẹ lò. Igi tútù á kọ́kọ́ fi ooru gbẹ ara rẹ̀, èéfín á sì bo àdúgbò.
Bọ́ílà àti jẹnẹrétọ̀: ẹ máa fọ asẹ́ afẹ́fẹ́, kí mẹkáníìkì sì yẹ ẹnu tó ń fọ́n epo wò. Gáàsì ń jó mọ́ ju dísù lọ.
Ilé-iṣẹ́: àpò asẹ́ ń mú eruku, omi tí wọ́n ń fọ́n sí èéfín sì ń fọ imí ọjọ́ kúrò. Ọ̀pá èéfín gíga nìkan kò tó. Ilé ẹlòmíràn ló ń gbé èéfín lọ.
Ilé: ìta ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé, níbi tó jìnnà sí fèrèsé.

ÀSÌKÒ ÌṢỌ́RA
Nígbà ọyẹ́, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, èéfín kì í tètè gòkè láàárọ̀, òjò kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ láti fọ̀ ọ́. Kí alágbàlá má ṣe sun pàǹtírí, kí ẹni tó ní ikọ́ fée sì mú oògùn rẹ̀ dání.

ÒFIN
Àjọ LASEPA ló ń bójú tó àyíká ní Èkó; àjọ NESREA, tí òfin ọdún 2007 dá sílẹ̀, ń ṣe é káàkiri Nàìjíríà. Ẹni tó bá rí ọ̀pá tó ń tú èéfín dúdú lójoojúmọ́, kó fi tó LASEPA létí.