Ta Ni À Ń Ṣàánú? Àrùn Ọpọlọ àti Ìyọ́nú Tí Kò Dọ́gba

Ògìjo, ìlú kan ní ilẹ̀ Rẹ́mọ lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù láti yọ́ òjé inú rẹ̀ fi ṣe ibùjókòó. Ọjọ́ sì ti pẹ́ tí èéfín wọn ti ń bà lé òrùlé àti oko, kí ilé iṣẹ́ ìròyìn The Examination àti ìwé ìròyìn New York Times tó kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé, nínú 70 ènìyàn tó yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò, bí ẹni méje nínú mẹ́wàá ni òjé ti wọ̀ lára dé ìwọ̀n tó léwu. Àánú ṣe gbogbo ẹni tó gbọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu, pé kì í jẹ́ kí ọmọ lè fọkàn sí ẹ̀kọ́, ó sì lè mú kó máa hu ìwà tí kò bá ti àwùjọ mu. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gbọ́njú tán, tó ń bú àgbà, tí olùkọ́ ń lé e jáde ní kíláàsì, ta ni yóò rántí èéfín?

Àwọn àgbà ló ní wèrè dùn-ún wò, kò dùn-ún bí lọ́mọ. Ṣùgbọ́n láàrin wèrè pàápàá, a mọ ẹni tí à ń ṣíjú àánú wò. Bí ìyálọ́mọ bá bímọ tán tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, abísínwín ni a ó pè é, ìyá ọkọ yóò gba ọmọ tuntun mọ́ra, àwọn obìnrin ilé yóò sì jókòó tì í. Ẹni tí ọdẹ orí ń ṣe, tí oorun dá lójú rẹ̀, wọ́n á ní kó rọra máa ṣe. Oníwárápá, tí kì í tilẹ̀ ṣe wèrè, bó bá ṣubú tí itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ọ̀pọ̀ yóò sá sẹ́yìn kó má baà ràn wọ́n, bẹ́ẹ̀ àrùn náà kì í ràn. Ní ti ọ̀dọ́kùnrin tó fa igbó, tó wá ń dá sọ̀rọ̀ ní gáréèjì, "Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á" ni ìdájọ́ tí yóò ṣáájú oògùn.

Ohun tí a rí níbẹ̀ ni pé ìyọ́nú wa kì í tẹ̀lé bí ìyà ti pọ̀ tó. Ẹ̀bi àti ẹ̀rù ló ń tẹ̀lé. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2005, lẹ́yìn tí wọ́n ti bi àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá léèrè, jẹ́rìí sí i: ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún tó ka oògùn olóró àti ọtí sí ohun tí ń fa wèrè, 96.5 nínú ọgọ́rùn-ún gbà pé oníjàgídíjàgan tó léwu ni aláìsàn ọpọlọ, 82.7 ní ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá a sọ̀rọ̀, 16.9 péré ló lè gbà láti fẹ́ ẹ.

Síbẹ̀, Abẹ́òkúta, ilé Ẹ̀gbá, ọmọ abẹ́ Olúmọ, ti fi ọ̀nà mìíràn hàn wá rí. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Árò wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, tòun ti ìbátan wọn kan, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, tí wọ́n sì ń padà sáàrin àwọn tí ń roko, tí ń dáná, tí ń kí wọn pẹ̀lẹ́. Àgbẹ̀ tó bá wọn jẹun mọ̀ wọ́n ju ẹni tó rí wọn lójú títì lọ.

Kì í ṣe àwọn ará ìlú nìkan, òfin pàápàá ń ṣe ojúsàájú. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin wèrè ọdún 1958. Ṣùgbọ́n òfin tuntun náà kò fọwọ́ kan abala 327 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, tó ní kí ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Aláìsàn ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sọ ọ́ dà lọ́dọ̀ dókítà. Ọ̀daràn ló jẹ́ lójú ọlọ́pàá.

Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ní Ògìjo, níbi tí èéfín kò ti bi ẹnikẹ́ni léèrè ìwà kó tó wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀, a kò lè fi ojú mọ ọmọ tó fọwọ́ fa wàhálà àti èyí tí òjé bà lọ́pọlọ jẹ́. Nítorí náà, ibi tó ń dun aláìsàn ni ká kọ́kọ́ bi í. Bí ẹ̀bi bá wà, ara yíyá ló ń ṣáájú ẹjọ́.