ALÁÌSÀN KÌ Í ṢE ALÁGBE

Mo gbàdúrà pé kí ọ̀rọ̀ tí a ó sọ lónìí má ṣe bá ẹnikẹ́ni nínú yín lórí ibùsùn àìsàn. Ṣùgbọ́n ó dára kí a gbọ́ ọ kí àìsàn tó dé.

Kì í ṣe àrùn nìkan ni ó ń pa ènìyàn ní ìlú Ìlọrin yìí. Ìbẹ̀rù owó ń pa ènìyàn, ìtìjú sì ń pa ènìyàn pẹ̀lú. Baálé ilé kan yóò máa rí òòyì ní àràárọ̀, yóò ní òun yóò lọ rí dókítà nígbà tí ọjà bá tà. Ìyàwó ilé kan yóò dé ọsibítù, wọn yóò fún un ní oògùn, yóò sì padà sílé láìmọ orúkọ àrùn tí ń ṣe é, nítorí kò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì pe òun ní aláìmọ̀kan. Èrò kan náà ni ó wà lọ́kàn àwọn méjèèjì, pé àánú ni ènìyàn ń lọ tọrọ ní ọsibítù. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Aláìsàn kì í ṣe alágbe. Ẹ̀tọ́ ni ó lọ gbà, ọ̀nà sì wà tí a fi ń gbà á.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Gbogbo wa ni a mọ èésú. Ogún obìnrin lè máa dá èésú ní Ọjà-Ọba, kí olúkúlùkù sì kó o nígbà tí ó bá kàn án. Ètò ìbánigbófò ìlera jọ èésú, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀: ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ni ó ń kó o. Ẹni tí ara rẹ̀ le jálẹ̀ ọdún kò kó nǹkankan, ọpẹ́ ni ó sì yẹ kí ó dú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò san díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ara wọn le, kí ẹni tí ó bá ṣubú lè rí ohun tí yóò fi dìde. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

A ti rí irú rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí. Ní ọdún 2007, ìjọba ìpínlẹ̀, àjọ Health Insurance Fund ti ilẹ̀ Netherlands, PharmAccess àti ilé iṣẹ́ Hygeia para pọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ètò ìbánigbófò ìlera fún àwọn ará oko ní Shonga. Ní ọdún 2009, wọ́n mú un dé Àfọ̀n ní ìjọba ìbílẹ̀ Asà, tí kò jìnnà sí Ìlọrin. Ọ̀ọ́dúnrún náírà (₦300) ni ẹnì kan ń san fún odidi ọdún nígbà náà. Owó ìrànlọ́wọ́ ni a fi ń san èyí tí ó kù. Wọn kò sì dúró sórí owó nìkan. Wọ́n tún àwọn ilé ìwòsàn ṣe, wọ́n sì ń yẹ iṣẹ́ wọn wò, nítorí èrè wo ni ó wà nínú ìlẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ bí kò bá sí oògùn nínú ilé?

Àwọn oníwádìí lọ wo èso rẹ̀. Wọ́n wọn ìfúnpá àwọn àgbàlagbà tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní agbègbè Àfọ̀n ní ọdún 2009, wọ́n sì tún un wọ̀n ní ọdún 2011. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ní agbègbè Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ètò náà kò tíì dé. Ní Àfọ̀n, nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá wọn wálẹ̀ ní nǹkan bí 10. Ní ibi kejì, ó wálẹ̀ ní nǹkan bí 5. Ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà, JAMA Internal Medicine, tẹ àbájáde yìí jáde ní ọdún 2014. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kékeré wo nọ́ńbà wọ̀nyí. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 10 wálẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ lè dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ ro iye baálé ilé tí ìyẹn lè mú dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ètò Shonga àti Àfọ̀n ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò kásẹ̀. Ìjọba Kwara ti ní àjọ ìbánigbófò ìlera tirẹ̀, tí a ń pè ní KWHIA. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 sì sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà. Òfin kan náà dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn aláìlágbára, bí ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5, aboyún, arúgbó, abirùn àti aláìní. Nítorí náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì àjọ náà tàbí ilé ìlera tí ó wà ní àdúgbò yín, kí ẹ béèrè ohun mẹ́rin: èló ni a ń san? Àrùn wo ni ó wà nínú rẹ̀, èwo ni kò sí níbẹ̀? Ilé ìwòsàn wo ni mo lè lò? Ọjọ́ wo ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ fún mi? Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí ibà bá wọlé.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Bí ènìyàn bá ti wọ inú ọsibítù, ẹnu rẹ̀ ni ó kù. Òfin Ìlera ti Nàìjíríà, èyí tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2014, wí pé kò sí ilé ìwòsàn tí ó gbọdọ̀ kọ ẹni tí ó wà nínú ewu pàjáwìrì, ohun yòówù tí ì báà fà á. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ìtanràn ₦100,000, ó sì lè lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Òfin náà tún wí pé kí wọ́n sọ fún aláìsàn ohun tí ń ṣe é, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tí ó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀ àti iye owó rẹ̀. Kí wọ́n sì gbìyànjú láti sọ ọ́ ní èdè tí ó gbọ́. Bí Yorùbá ni ẹ gbọ́, tàbí Fúlàní, tàbí Nupé, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ lọ́nà tí yóò yé mi.”

Láìpẹ́ yìí, mo jókòó ti ìyá àgbàlagbà kan lórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìwòsàn kan nínú ìlú yìí. Mo ní, “Àlàájà, kí ni wọ́n ní ó ń ṣe yín?”

Ó ní, “Ọmọ mi, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni.”

“Ẹ̀jẹ̀ ṣe kí ni?”

“Mi ò béèrè. Wọ́n ti ń pe ẹlòmíràn.”

Ìyá náà ti lo oògùn fún oṣù kan, ara rẹ̀ balẹ̀, ó dá a dúró, ó sì kó èyí tí ó kù fún aládùúgbò rẹ̀ tí orí ń fọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó béèrè ọ̀rọ̀ bí ó bá wọlé. Nígbà tí wọ́n pè é, ó béèrè nítòótọ́: “Ọmọ mi, ìgbà wo ni màá dá oògùn yìí dúró? Ààwẹ̀ tí ń bọ̀ yìí ńkọ́?”

Nọ́ọ̀sì náà fi ìwé sílẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Oògùn yìí ni ó mú kí ara yín balẹ̀, ẹ má dá a dúró, ẹ má sì fún ẹlòmíràn.” Ó pe dókítà, dókítà sì tún àkókò oògùn náà tò sí ìgbà sààrì àti ìgbà ìṣínu. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì náà kì í ṣe ènìyàn búburú; èrò pọ̀ níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

ÌMỌ̀RÀN MI

1. Ẹ mú káàdì àtijọ́ àti páálí gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání. Bí ẹ bá ń mu àgbo tàbí àgúnmu, ẹ sọ ọ́. Kí a bú yín dára ju kí oògùn méjì jà nínú ikùn yín.

2. Ẹ mú ẹnì kan tí etí rẹ̀ gbọ́ràn dání, pàápàá bí aláìsàn bá jẹ́ arúgbó.

3. Ẹ má ṣe jáde láìbéèrè pé: kí ni orúkọ àrùn yìí? Báwo ni mo ṣe ń lo oògùn, títí di ìgbà wo? Àmì wo ni mo lè rí tí mo fi gbọdọ̀ sáré padà wá?

4. Bí ẹ bá ti pé ogójì ọdún, ẹ lọ wọn ìfúnpá yín lọ́dọọdún, bí ara tilẹ̀ le. Bí ó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ tọ dókítà lọ.

5. Ẹ gba rìsíìtì fún owó tí ẹ bá san. Bí wọ́n bá ṣe yín ní àìdára, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí ẹ sì tọ olórí nọ́ọ̀sì lọ, lẹ́yìn náà olórí ilé ìwòsàn. Òfin 2014 fún aláìsàn láyè láti fi ẹjọ́ sùn, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀. Ní ọsibítù ìjọba àpapọ̀, bí ti Yunifásítì Ìlọrin, ẹ béèrè ọ́fíìsì SERVICOM.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ẹ̀tọ́ di aríjàgbà. Dókítà àti nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ní ara tí ń rẹ̀ wọ́n. Ẹ kí wọn, ẹ dúró lórí ìlà, ẹ fi sùúrù béèrè, ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí yóò fi yé yín. Àrùn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Ẹni tí ó bá tètè dé, tí ó sì tètè béèrè, ni a ń rí àrùn rẹ̀ wò. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní àlàáfíà.