Ọ̀dà Lára Ọkọ̀

Ní ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Ààrẹ Muhammadu Buhari gbé ìjọba sílẹ̀, bàálù kan balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú Nnamdi Azikiwe ní Abuja. Funfun àti àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún, orúkọ Nigeria Air sì hàn gàdàgbà lára rẹ̀. Lójú ẹni tó rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, Nàìjíríà ti tún ní bàálù tirẹ̀ nìyẹn, ogún ọdún lẹ́yìn tí Nigeria Airways kógbá sílé. Kò pẹ́ tí bàálù náà fi gbéra, ó padà sí Etiópíà tó ti wá.

Níwájú ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin Àgbà tó ń mójú tó ìrìnnà òfuurufú ni ọ̀rọ̀ ti yé aráyé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà. Ọ̀gá àgbà fìdíhẹ Nigeria Air fẹnu ara rẹ̀ sọ pé Ethiopian Airlines ló ni ọkọ̀ náà, pé ńṣe ni àwọn háyà rẹ̀ láti fi àwọ̀ àti àmì iléeṣẹ́ náà han àwọn èèyàn, pé àwọn kò sì tíì gba ìwé-àṣẹ tí wọ́n lè fi máa kó èrò. Ìgbìmọ̀ Ilé Aṣojú-ṣòfin, tí Nnolim Nnaji jẹ́ alága rẹ̀, pe gbogbo rẹ̀ ní jìbìtì, wọ́n ní kí ìjọba dá a dúró. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, mínísítà tuntun fún ìrìnnà òfuurufú, Festus Keyamo, dá a dúró lóòótọ́.

Èèyàn lè sọ pé àwọn aṣòfin ṣiṣẹ́ wọn. Wọ́n ṣe é. Àmọ́ ọ̀dà ti gbẹ kí wọ́n tó dé. Láti oṣù Keje 2018 ni wọ́n ti ṣí ìbòjú lórí orúkọ Nigeria Air níbi ìpàtẹ bàálù Farnborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó wà fún un nínú ìṣúná tí àwọn aṣòfin fúnra wọn buwọ́ lù. Ní 2022, àwọn oníléeṣẹ́ bàálù tó wà nílẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, nítorí pé ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fẹ́ gbé fún Ethiopian Airlines, tí ìjọba Nàìjíríà yóò mú ìdá 5 péré. Ìwé tó wà nílẹ̀ pọ̀. Ìbéèrè ló pẹ́.

Àwọn tó mọ ohun tí pípẹ́ yẹn ń fà ni òṣìṣẹ́ Nigeria Airways àtijọ́. Ọdún 2003 ni iléeṣẹ́ wọn kú. Ní ọdún 2018, ìjọba ṣì ń san owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n jẹ wọ́n. Àwọn kan ti wọ káà ilẹ̀ kí owó tó dé.

Òfin kò kúkú fi aṣòfin sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Abala 88 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún Ilé méjèèjì lágbára láti wádìí ẹnikẹ́ni tàbí iléeṣẹ́ tó ń ná owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Abala 89 ní wọ́n lè ránṣẹ́ pè é, kó wá búra, kó kó ìwé rẹ̀ dání. Bó bá kọ̀ tí kò wá, wọ́n lè fi ìwé-àṣẹ mú un wá, kí wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ààlà kan wà níbẹ̀: torí àtiṣòfin, tàbí láti tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, àìkúnjú-ìwọ̀n àti ìfiṣòfò, ni agbára náà ṣe wà. Kì í ṣe torí kí kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n lè ká ẹni tó ń jágbe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìjókòó kan wà tí a máa ń wò tí a ó rò pé torí ẹ̀ ni.

Abala 85 ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ́díítọ̀ àgbà ìjọba àpapọ̀ ni ojú tí àwọn aṣòfin fi ń ríran nínú ìwé owó. Ọ̀dọ̀ wọn ni àbọ̀ rẹ̀ ń lọ, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìṣirò owó ìlú ní Ilé kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìpín kẹta abala náà kò fún un láṣẹ láti yẹ ìwé owó àwọn àjọ tí òfin dá sílẹ̀ wò. Yóò kàn to orúkọ àwọn ọ́díítọ̀ tó tóótun fún wọn ni. Àjọ náà ni yóò mú èyí tó wù ú nínú wọn. Bí ẹni yẹn bá parí iṣẹ́, ọ́díítọ̀ àgbà yóò sọ èrò tirẹ̀ lórí ohun tó kọ. Ó dà bí ìgbà tí a rán ọmọ lọ sọ́jà, tí a wá ní kó fúnra rẹ̀ yan aládùúgbò tí yóò bá wa ka ṣéńjì. Òótọ́ ni pé ìpín kẹrin jẹ́ kí ọ́díítọ̀ àgbà lè máa yọjú sí wọn látìgbàdégbà. Síbẹ̀, bí ìwé ọdọọdún kò bá dé, kí ni yóò sọ̀rọ̀ lé lórí? Nigerian Railway Corporation, tí òfin ọdún 1955 sọ di àjọ, wà lára àwọn tí ìlànà yìí bá wí.

Ìtàn ọ̀dà kejì wà ní Skọ́tíláǹdì. Erékùṣù pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì ni bọ́ọ̀sì wọn. Iléeṣẹ́ ìjọba méjì ló pín iṣẹ́ náà: CMAL ló ni àwọn ọkọ̀, CalMac ló ń fi wọ́n kó èrò. Ní 2015 wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ̀ méjì fún iléeṣẹ́ Ferguson ní Port Glasgow, ní 97 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ó yẹ kí ẹni tó ń kan ọkọ̀ ṣe onídùúró pé òun yóò dá owó padà bí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Ferguson kò lè ṣe é tán. CMAL sọ fún ìjọba pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Àwọn mínísítà ní kí iṣẹ́ máa lọ. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kọkànlá, 2017, olórí ìjọba wọn, Nicola Sturgeon, ti ọkọ̀ àkọ́kọ́, Glen Sannox, sínú omi. Èèyàn ń wo fèrèsé lókè ọkọ̀ náà. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n kùn sára irin ni.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà iléeṣẹ́ náà wọ gbèsè, ìjọba sì gbà á. Ní oṣù Kẹta 2022 ni ọ́díítọ̀ àgbà Skọ́tíláǹdì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde: ó wá ìwé tó sọ ìdí tí àwọn mínísítà fi gba irú ewu bẹ́ẹ̀ láyè, kò rí i. Ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń yẹ ìwé owó wò, tí Richard Leonard jẹ́ alága rẹ̀, di ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn mú fún nǹkan bí ọdún kan. Wọ́n pe àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ọkọ̀, wọ́n pe mínísítà, wọ́n ń ka lẹ́tà. Oṣù Karùn-ún 2022 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àwọn rí ìwé kan tó kan ọ̀rọ̀ náà. Ìyẹn kò dá owó padà: iye tí ọkọ̀ méjèèjì ń ná ìlú ti kọjá 400 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, oṣù Kìíní 2025 sì ni Glen Sannox tó kó èrò fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ará Skọ́tíláǹdì tó bá fẹ́ mọ ẹni tó sọ pé kí iṣẹ́ máa lọ, àti ọjọ́ tó sọ ọ́, yóò rí i kà.

Ní Jámánì, ilé ẹjọ́ ni wọ́n bá ọ̀rọ̀ náà dé. Deutsche Bahn, iléeṣẹ́ rélùwéè wọn, ti di kọ́ńpìnì láti 1994, ìjọba ló sì ni gbogbo ìpín rẹ̀. Àwọn aṣòfin kan béèrè ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìjọba ní òwò kọ́ńpìnì ni, kì í ṣe tàwọn. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kọkànlá, 2017, ilé ẹjọ́ tó ń túmọ̀ òfin ìpilẹ̀ ní Karlsruhe kò gbà fún wọn: ẹni tó bá ni ín gbọ́dọ̀ dáhùn, bí àṣírí kan bá sì wà tó yẹ ní bíbò, kó ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Kí a gbé ìyẹn kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdá 5 Nigeria Air, ká wá wo iye ìbéèrè tí ìjọba ì bá yẹ̀ sílẹ̀ ká ní bàálù yẹn fò.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti Abuja nìkan. Oṣù Kẹta 2023 ni Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe òfin tó jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè ní rélùwéè tirẹ̀ láìtọrọ àyè. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni ọkọ̀ ojú irin ìpínlẹ̀ Èkó ti ń kó èrò láàárín Marina àti Mile 2, lábẹ́ LAMATA, àjọ ìrìnnà ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀yọ́ náà ní bọ́ọ̀sì Pacesetter. Abala 128 àti 129 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní agbára kan náà tí 88 àti 89 fún ti Abuja; abala 125 sì gbé ìlànà ọmọ tó ń yan ẹni tí yóò ka ṣéńjì dé ìpínlẹ̀. Ẹni tó ń fi káàdì sanwó ọkọ̀ ní Mile 2 láàárọ̀ lè béèrè lọ́wọ́ aṣòfin àdúgbò rẹ̀: ìwé owó ọdún wo lẹ rí gbẹ̀yìn, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, ta ló sì yan ẹni yẹn?