Àṣé wọn ò dán an wò dáadáa! Bí ìkànnì ìlera Obama ṣe dojú bolẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, tó jẹ́ èèyàn mẹ́fà péré ló rí i lò

Bí télọ̀ bá rán aṣọ tán, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ fún oníbàárà ẹ̀ ni pé kó wá wọ̀ ọ́ wò. Bí ọrùn bá fún, á tú u. Bí apá bá gùn jù, á gé e. Télọ̀ tó bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé aṣọ ìyàwó dé, tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́ wò rí, ẹjọ́ ló ń wá yẹn. Ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 2013 gẹ́lẹ́ nìyẹn. Aṣọ tí wọn ò wọ̀ wò ni wọ́n gbé jáde lójú gbogbo ayé, ló bá ya mọ́ wọn lọ́rùn.

HealthCare.gov ni wọ́n ń pe ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rọ̀ kàn. Òfin ìlera tí Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí lọ́jọ́ 23, oṣù kẹta, ọdún 2010 ló bí i. Ní Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fọwọ́ lásán wọ̀. Ẹni tí kò bá ní ìnṣọ́ránsì, tí àìsàn ńlá wá kì í mọ́lẹ̀, gbèsè tó máa jẹ lè gba ilé lọ́wọ́ ẹ̀. Òfin náà wá ní kí wọ́n ṣí ọjà kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹni tí kò ní ìnṣọ́ránsì níbi iṣẹ́ yóò ti wo ti ilé-iṣẹ́ yìí, wo ti tọ̀hún, tí yóò mọ iye tí ìjọba máa bá a san níbẹ̀, kó sì mú èyí tágbára ẹ̀ ká. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣe tiwọn fúnra wọn, ṣùgbọ́n 36 ló gbé tiwọn lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. Texas wà níbẹ̀, Georgia náà wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé ọmọ Yorùbá tó ń wa takisí ní Houston, tàbí tó ń ṣòwò kékeré tiẹ̀ ní Atlanta, tó bá fẹ́ ra ìnṣọ́ránsì lábẹ́ òfin yìí nígbà náà, orí ìkànnì yẹn náà ló ní láti lọ.

Agogo méjìlá òru kọjá díẹ̀ lọ́jọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wàhálà ti dé. Ẹni tó wọlé bá a pé ojú kọ̀ǹpútà òun funfun báláú. Ẹlòmíì rí ọ̀rọ̀ pé kó ní sùúrù, èrò pọ̀ lórí ìlà, ló bá jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Àwọn tó tiẹ̀ ráyè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ wọn, bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìbéèrè àṣírí tí wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀, ńṣe ló máa dì pa. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin gbé jáde lẹ́yìn náà fi hàn pé nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èèyàn mẹ́fà ni wọ́n kà pé ó ti forúkọ sílẹ̀ dé òpin. Mẹ́fà o! Nígbà tó fi máa di ìparí ọjọ́ kejì, 248 ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó yọjú wò ó láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ.

Èrò tó pọ̀ ni ìjọba kọ́kọ́ dì í mọ́. Todd Park, tó jẹ́ olórí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ fún Obama nígbà náà, sọ pé èèyàn bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50 sí 60 làwọn ń retí lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún lọ́nà 250 ló ya bò wọ́n. Kì í ṣe irọ́ ló pa, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Ìdajì tó kù ni pé ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ kí èrò kankan tó dé.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà níṣẹ́ mọ̀ pé kíkọ́ ìkànnì jẹ́ ọ̀tọ̀, dídán an wò jẹ́ ọ̀tọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wò ó bóyá ó ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ẹni tó ń dán an wò ò gbọ́dọ̀ jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Á tẹ bọ́tìnnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, á kọ ọjọ́ ìbí tí kò lè ṣẹlẹ̀, á fi orúkọ tó gùn bí ọ̀nà Ìbàdàn síbẹ̀, á fi í sílẹ̀ lágbede méjì kó tó padà wá, á gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ wá, á tún fi fóònù gbìyànjú ẹ̀. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó wá ibi tó ti máa bàjẹ́ kí ará ìta tó rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á so gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n á wá rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bí oníbàárà gidi ṣe máa rìn ín. Wọ́n á tún da èrò ayédèrú bò ó, kí wọ́n lè mọ iye tó lè gbé kó tó ṣubú.

Rírìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin yìí gan-an ni HealthCare.gov nílò jù, torí kì í ṣe ìkànnì kan ṣoṣo tó dá dúró. Bí èèyàn bá kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà náà ní láti béèrè lọ́wọ́ IRS tí í gba owó orí pé eélòó lẹni yìí ń pa lọ́dún, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ìwọlé-wọ̀de pé ṣé ó ní ìwé, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn Social Security pé ṣé òun náà ni lóòótọ́, kó tún wá fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ilé-iṣẹ́ CGI Federal ló gba iṣẹ́ tó pọ̀ jù, QSSI ló ṣe ibi tí gbogbo ìbéèrè ń gbà kọjá, àwọn agbaṣẹ́ṣe yòókù sì lé ní àádọ́ta. Olúkúlùkù ń kọ́ yàrá tiẹ̀, àmọ́ ta ló ń wò ó bóyá ilẹ̀kùn bá ara wọn mu?

Àwọn tó kìlọ̀ kò ṣàìsí. Láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ McKinsey, tí ìjọba fúnra ẹ̀ pè pé kó wá bá òun wo iṣẹ́ náà, sọ pé àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdánwò ò tó, àti pé ńṣe ni wọ́n ń yàwòrán, tí wọ́n ń kọ́lé, tí wọ́n tún ń yẹ ẹ́ wò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú oṣù keje, Henry Chao, ọ̀kan lára ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ náà nílé-iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní CMS, kọ íméèlì pé káwọn ṣọ́ra kí bàálù yìí má lọ já lulẹ̀ níbi tó ti fẹ́ gbéra. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣí i, wọ́n da èrò ayédèrú bo apá kan ẹ̀. Ìwé ìròyìn Washington Post ló tú àṣírí ẹ̀ síta pé èèyàn ọgọ́rùn-ún mélòó kan péré ló wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ló bá dákú. Lọ́jọ́ 27, oṣù kẹsàn-án, ìwé kan tún lọ sí iwájú Marilyn Tavenner, ọ̀gá pátápátá CMS, pé wọn ò tíì rí ààbò ìkànnì náà yẹ̀ wò tán, ewu sì wà níbẹ̀. Obìnrin náà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lọ.

Èwo wá ni ti pé wọn ò sún ọjọ́ náà síwájú? Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá yẹn gan-an ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì pa nítorí àwọn Republican tó ní dandan ni káwọn fún òfin ìlera yìí lọ́rùn. Bí Obama bá jáde lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ tó ní ìkànnì òun ò tíì délẹ̀, ayọ̀ àwọn ọ̀tá ẹ̀ ìbá kún. Wọ́n yáa wọ ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ pé bíréèkì ẹ̀ ò dára.

Ohun tó tún bà á jẹ́ ni pé nígbà tí ọjọ́ ti sún mọ́lé pẹ́kípẹ́kí, wọ́n pàṣẹ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wo iye tí ìnṣọ́ránsì jẹ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ọjà wo ni wọ́n ti ń gba orúkọ àti ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ èèyàn kó tó na ata wò? Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo èrò wá há sí.

Àwọn tó sì gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀rọ̀ tiwọn tún pani lẹ́rìn-ín. Ìsọfúnni tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti dàrú. Wọ́n kọ ìyàwó oníyàwó sílẹ̀ bí ọmọ, ẹnì kan náà forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìmọ̀. CMS fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ ní oṣù kejìlá pé nǹkan bí ìwé kan nínú mẹ́rin tó lọ sọ́dọ̀ wọn ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá ló ní àṣìṣe. Ẹni tó sì rò pé òun ti ní ìnṣọ́ránsì, tó jẹ́ orúkọ ẹ̀ ò dé ibi tó yẹ, bó bá débi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ló máa tó mọ̀.

Lọ́jọ́ 24, oṣù kẹwàá, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pe àwọn agbaṣẹ́ṣe. Cheryl Campbell ti CGI dé, Andrew Slavitt tó wá dúró fún QSSI náà dé. Wọ́n bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n rin ìkànnì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn ni! Wọ́n bi wọ́n pé báwo ló ṣe yẹ kó pẹ́ tó, wọ́n ní oṣù mélòó kan ni ìbá dára. Iṣẹ́ ta ni? Wọ́n ní iṣẹ́ CMS ni. Kálukú ń fọwọ́ ẹ̀bi nu ara ẹnìkejì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, Kathleen Sebelius, mínísítà ètò ìlera, dé iwájú wọn, òun ló sọ pé kí wọ́n mú òun, ẹ̀bi òun ni.

Jeff Zients ni Obama gbé iṣẹ́ àtúnṣe lé lọ́wọ́. Mikey Dickerson kúrò ní Google wá bá wọn ṣe é. Nígbà tí àwọn àlejò yìí dé, ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé kò sí ibì kankan tí èèyàn lè wò táá fi mọ̀ bóyá ìkànnì náà ń mí tàbí kò mí mọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìyẹn. Dickerson wá ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ di ẹ̀bi ru èèyàn kó wá ibòmíì lọ, inú yàrá yìí, àtúnṣe nìkan là ń ṣe. Àti pé ẹni tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ jù ni kó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tí ipò ẹ̀ ga jù. Ẹẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń ṣèpàdé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 1, oṣù kejìlá, wọ́n ti tún àṣìṣe tó lé ní 400 ṣe, ojú ewé tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ kó tó ṣí kò gba tó ẹyọ kan mọ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50 èèyàn sì lè wà lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Owó tí wọ́n ná? Àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ìjọba, GAO, ṣírò ẹ̀ pé títí di oṣù kẹta ọdún 2014, ó ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù 840 dọ́là. Iṣẹ́ tí CGI bẹ̀rẹ̀ ní mílíọ̀nù 56 lọ́dún 2011 ti di 209. Wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, Accenture gbà á. Sebelius kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2014 pé òun ń lọ.

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ fi máa parí lóṣù kẹrin yẹn, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà ti kọjá mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ìpínlẹ̀ Oregon, tó ní òun ò bá ìjọba àpapọ̀ ṣe, tó sì ná owó gọbọi sórí ìkànnì tiẹ̀, kò rí ẹyọ ènìyàn kan tó lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìgba ìwé. Lóṣù kan náà yẹn ni wọ́n pinnu pé àwọn máa pa á tì, káwọn sì kó àwọn èèyàn wọn lọ sórí HealthCare.gov.