Ọkọ̀ Àríyá Lórí Òkun Kàríbíà: Bí A Ti Í Yan Èyí Tí Yóò Gbé Ni Lọ, Tí Yóò Sì Gbé Ni Bọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́dún yìí lè kọ́kọ́ pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ lè wí pé, “Kí ló da akẹ́kọ̀ọ́ tó ń mu gàrí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ ọkọ̀ fàájì ní ìlú òkèèrè?” Ẹ fara balẹ̀ ná. Púpọ̀ nínú wa ló ní ẹbí ní London, ní Houston tàbí ní Toronto. Bí ìgbéyàwó tàbí ọjọ́ ìbí bá dé, àwọn wọ̀nyí a máa kó ara wọn lọ sí àwọn erékùṣù Kàríbíà, wọn a sì máa ké sí ará ilé. Báyìí ló rí fún mi ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní London, pé ẹni ogójì ọdún, ó sì ní kí n bá àwọn lọ sí Barbados. Ọjọ́ kẹta tí a débẹ̀ ni ọkọ̀ àríyá fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ayẹyẹ wa di ọ̀fọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ àpilẹ̀kọ yìí.

KÍ NI ỌKỌ̀ ÀRÍYÁ?

Ọkọ̀ ojú omi ni, tí í gbé àwọn tó wá gbafẹ́ jáde lọ sójú òkun fún bíi wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún. Orin wà níbẹ̀, oúnjẹ wà, ọtí sì wà, pàápàá rọ́ọ̀mù, ọtí ìrèké tí wọ́n máa ń pò mọ́ omi èso. Láàárín ìrìn àjò náà, ọkọ̀ yóò dúró lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn èrò lè bọ́ sómi wo ẹja àti iyùn. Èyí ni àwọn òyìnbó ń pè ní snorkelling. Èmi yóò máa pè é ní ìwòsàlẹ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ òkun ni à ń wò.

Ohun èlò rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ: awò tó bo ojú àti imú, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi eyín há, tí orí rẹ̀ yọ sókè omi, tí a ń gbà mí, bàtà gbọọrọ tó dà bíi lẹbẹ ẹja, àti ẹ̀wù aléfòó. Ẹni tó ń ṣe é kì í rì lọ sísàlẹ̀ bíi ti àwọn tó gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn. Ńṣe ni yóò dojú bolẹ̀ lórí omi, tí yóò máa rọra tapá.

Iyùn tí à ń sọ yìí kì í ṣe òkúta. Àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí kéékèèké ni wọ́n kóra jọ, tí wọ́n ń kọ́ ilé líle yí ara wọn ká. Òkìtì iyùn tí ẹsẹ̀ ẹnì kan fọ́ lójú kan náà lè ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kó tó ga tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó rí i pé ohun méjì ló wà nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Àríyá fẹ́ ariwo, ó fẹ́ ọtí, ó fẹ́ èrò púpọ̀. Omi fẹ́ ìfarabalẹ̀, ó fẹ́ ojú tó mọ́ kedere, ó fẹ́ èrò díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yan ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èwo nínú méjèèjì ni òun ń wá lọ, kí ó sì mọ èwo ni ọlọ́kọ̀ fi ṣe olórí. Èyí tí mo mọ̀ dájú ni pé omi ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí ọtí tẹ̀ lé e.

IRÚ ỌKỌ̀ TÓ WÀ

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni katamaráànì. Ó dà bí ìgbà tí a gbé ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí a wá tẹ́ pákó lé wọn lórí. Nítorí pé ẹsẹ̀ méjì ló fi dúró lórí omi, kì í fì púpọ̀, àyè sì gbà á láti jó àti láti jókòó. Òmíràn ni ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ṣe bíi ti àwọn ajalèlókun ayé àtijọ́. Ijó àti ọtí ni wọ́n fi í pe èrò sínú èyí. Ìwòsàlẹ̀ inú rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ tó ní gíláàsì nídìí, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ lè jókòó sínú rẹ̀ kí ó sì rí ẹja láìbọ́ aṣọ. Ẹ̀kẹrin ni ọkọ̀ kékeré tí kì í gbà ju bí èèyàn mẹ́wàá sí méjìlá lọ. Kò sí ariwo púpọ̀ níbẹ̀, owó rẹ̀ sì máa ń ga díẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ mọ orúkọ olúkúlùkù.

IBI TÍ A Ó TI BỌ́ SÓMI

Ọkọ̀ dára títí, bí ibi tó ń lọ kò bá dára, asán ni. Ní agbègbè Kàríbíà, láti ìlà oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti í fẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn erékùṣù, níbi tí ilẹ̀ ti gba afẹ́fẹ́ dúró, ni omi ti máa ń rọ̀. Barbados fi èyí hàn gbangba. Ní Bathsheba, ní ìlà oòrùn, ìgbì ń bú ramúramù. Ní ìwọ̀ oòrùn, omi a máa dákẹ́ bí omi inú agbada. Ní Carlisle Bay, lẹ́bàá Bridgetown tí í ṣe olú ìlú, àwọn ọkọ̀ tó ti rì wà nísàlẹ̀ omi tí kò jìn, tí ẹja ti fi wọ́n ṣe ilé. Berwyn, tó rì ní 1919, wà lára wọn. Àwọn ìjàpá òkun náà a máa wá síbẹ̀.

Àwọn erékùṣù mìíràn ní tiwọn. Ní Tobago, òkìtì iyùn Buccoo ni ìjọba fi òfin dáàbò bò ní 1973, ọkọ̀ onígíláàsì ni wọ́n sì sábà fi ń wò ó. Ní Aruba, ọkọ̀ ẹrù àwọn ará Jámánì kan, Antilla, tí àwọn atukọ̀ rẹ̀ fọwọ́ ara wọn rì ní 1940, ni àwọn èèyàn ń lọ wò. Ní Grand Cayman, ẹja pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní stingray ló ń wá bá èèyàn lórí yanrìn. Àwọn apẹja ló ti máa ń fọ ẹja níbẹ̀ láyé ọjọ́un, tí wọ́n ń da ìfun rẹ̀ sómi, tí àwọn ẹja wọ̀nyí sì fi mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ní Molinere, ní Grenada, ère ló wà nísàlẹ̀ omi. Jason deCaires Taylor ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn síbẹ̀ ní 2006. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ agbo àwọn ọmọdé tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú tó rí agbo yìí ló ń rántí àwọn tí wọ́n jù sínú òkun nígbà òwò ẹrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe èyí ni oníṣẹ́ ọnà náà ní lọ́kàn. Èmi kò bá wọn wí. Ojú òkun kan náà ni wọ́n gbé àwọn èèyàn wa gbà lọ sí Cuba àti Trinidad, níbi tí wọ́n ṣì ń pe Yemọja àti Ṣàngó títí dòní. Fàájì dára, ṣùgbọ́n omi yìí kì í ṣe omi ìṣeré lásán fún ọmọ Yorùbá.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Àǹtí mi ló sanwó, ṣùgbọ́n èmi àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ni a yan ọkọ̀. Ohun tí a fi yàn án kò ju pé orin rẹ̀ ló dún jù ní èbúté, owó rẹ̀ ló sì kéré jù. A kò béèrè nǹkan kan. Ọkọ̀ kò tíì kúrò ní èbúté tí wọ́n ti ń bu rọ́ọ̀mù fún èrò. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀, ọkọ̀ dúró, wọ́n ní kí a máa bọ́ sómi. Wọ́n kó awò àti ọ̀pá lé wa lọ́wọ́ bí ẹni ń pín ìwé ìkéde. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé.

Àbúrò mi kọ̀, kò wọ ẹ̀wù aléfòó. Ó ní òun mọ̀ ọ́n wẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi ìwẹ̀ ilé-ìwé ló ti kọ́ ọ, níbi tí kò sí ìgbì, kò sì mu ọtí wọ ibẹ̀ rí. Ìgbì kan bo orí ọ̀pá rẹ̀, ó fa omi iyọ̀ sọ́nà ọ̀fun. Ó já awò kúrò lójú, ó ń fi ọwọ́ lu omi. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ẹni tí omi ń gbé lọ kì í sábà pariwo. Kò rí èémí tí yóò fi pariwo. Orin ń dún, àwọn èèyàn ń jó. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó jẹ́ẹ́ létí ọkọ̀ ló nawọ́, tó kígbe. Òṣìṣẹ́ kan bẹ́ sómi, ó sì gbá a mú.

Àǹtí mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi gúnlẹ̀. Ní alẹ́, ó pè mí, ó ní, “Ìwọ lo dàgbà jù níbẹ̀. Kí lo bi wọ́n kí ẹ tó wọkọ̀?” Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ má bínú, Àǹtí.” Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ni n kò rí dáhùn.

ÌBÉÈRÈ TÓ YẸ KÍ N BÉÈRÈ

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ bi ọlọ́kọ̀ ní nǹkan wọ̀nyí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín:

Èkíní, ọtí ni yóò ṣáájú ni tàbí omi? Ọlọ́kọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bu ọtí títí ẹni tó gbẹ̀yìn yóò fi gòkè kúrò nínú omi.

Èkejì, èrò mélòó ni? Òṣìṣẹ́ mélòó ni yóò bá wọn wọ omi? Ta ni yóò dúró lókè ọkọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa ka orí àwọn èèyàn?

Ẹ̀kẹta, ṣé ẹ̀wù aléfòó tó ba olúkúlùkù mu wà, tó fi dé orí ọmọdé? Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ pàápàá, kí ó wọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹrin, ta ni yóò kọ́ wa? Ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ tó. Kí a gbé awò sójú láìfi okùn rẹ̀ kọ́rí, kí a fi imú fa èémí. Bí kò bá jábọ́, ó bá ojú mu. Bí irun dídì tàbí irùngbọ̀n bá há sábẹ́ rẹ̀, omi yóò máa wọlé. Itọ́ díẹ̀ tí a fi pa inú gíláàsì kì í jẹ́ kó ṣú. Bí omi bá wọ ọ̀pá, kí a fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde kíkan, yóò tú u dànù. Kí a máa mí lọ́ra, kí èémí sì jinlẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ìṣẹ́jú mélòó ni a ó lò nínú omi? Bí ìrìn àjò bá jẹ́ wákàtí mẹ́rin, tí omi kò sì gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ilé ọtí tó ń léfòó ni ẹ fẹ́ wọ̀.

Ẹ̀kẹfà, ṣé orí iyùn ni wọ́n máa ń ju ìdákọ̀ró sí, tàbí àgbá aléfòó tí a ti so mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́? Ẹni tó ń fọ́ iyùn ń ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́. Àwa èrò náà ní tiwa láti ṣe. Àwọn oògùn kan wà nínú ìpara tí a fi ń dènà oòrùn tí wọ́n ń pa iyùn lára; nítorí èyí, òfin ti dè wọ́n ní Virgin Islands ti Amẹ́ríkà láti 2020, àti ní Bonaire láti 2021. Ẹ̀wù alápá gígùn sàn jù.

Èkeje, bí ojú ọjọ́ bá yí padà ńkọ́? Ṣé wọn yóò dá owó padà? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ni ìgbà ìjì ńlá níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí a kúrò ní Barbados, ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2024, ìjì Beryl ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àwọn apẹja ibẹ̀ jẹ́, ó sì wó ilé púpọ̀ ní Carriacou, ní Grenada.

Kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ náà. Ẹni tí àyà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, kí ó rí dókítà rẹ̀ ná. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá nìkan wẹ̀ lọ. Méjì-méjì ni kí ẹ máa lọ.

ÌKÁDÌÍ

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, èmi fúnra mi padà lọ sí èbúté, mo ń bi àwọn ọlọ́kọ̀ ní ìbéèrè wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan pa orin rẹ̀ kí ó tó dá mi lóhùn. Ọkọ̀ tirẹ̀ ni mo yàn. Èrò méjìlá ni wá. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù aléfòó, ọwọ́ mi sì wà ní ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí a rí ìjàpá òkun kan tó ń rọra wẹ̀ kọjá nísàlẹ̀ wa. Nígbà tí gbogbo wa gòkè tán, wọ́n ka orí wa, wọ́n tan orin, wọ́n bu rọ́ọ̀mù. Àǹtí mi jó lọ́jọ́ náà ju bí ó ti jó lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ gan-an lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wa má kọjá Tarkwa Bay ní Èkó. Omi ibẹ̀ náà omi ni, ọkọ̀ ibẹ̀ náà ọkọ̀ ni. Ẹ béèrè kí ẹ tó wọ̀ ọ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ dàgbà jù níbẹ̀. Kí Olódùmarè jẹ́ kí àlọ wa dára, kí àbọ̀ wa sì sunwọ̀n. Àṣẹ.