Agogo Orí Òkè àti Agogo Ìsàlẹ̀

Bí ọmọ kan nínú ilé bá bi yín léèrè pé, "Bàbá, bí a bá gbé agogo kan sórí Òkè Ìdànrè, tí a sì fi èkejì sí ìlú ìsàlẹ̀, ìrìn wọn yóò ha dọ́gba bí?" kí ni ẹ̀yin yóò wí? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìbá dáhùn pé yóò dọ́gba, níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì bá jẹ́ agogo rere. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ti òkè ni yóò yára jù.

Orí òkè náà ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé láti ayébáyé, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ ìlú ìsàlẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 1923. Àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ ni àlejò ń gùn lónìí kí ó tó rí ààfin àtijọ́ àti ilé agogo tí ó ṣẹ́kù níbẹ̀. Orúnkún a máa ro ẹni tí ń gun òkè náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ lára pé àkókò pàápàá ń yí padà bí òun ti ń gòkè.

Ní ọdún 1907 ni Albert Einstein, ọ̀mọ̀wé tí a bí ní Jámánì, rò ó jinlẹ̀ pé agbára tí ayé fi ń fa ohun gbogbo mọ́ra a máa dá àkókò dúró díẹ̀: bí agogo bá ti súnmọ́ ilẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń falẹ̀ sí i. Ìyàtọ̀ náà kéré jọjọ. Bí agogo kan bá fi 100 mítà ga ju èkejì lọ, ọdún mẹ́ta gbáko ni yóò fi rìn kí ó tó fi ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣíwájú.

Agogo ògiri kò lè rí irú èyí, nítorí ooru àti òtútù a máa ṣì í lọ́nà. Nítorínáà àwọn onímọ̀ yíjú sí átọ́ọ̀mù, ohun kíkéré tí ó parapọ̀ di ohun gbogbo, tí kì í gbó, tí kì í sì í yí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ padà. Louis Essen àti Jack Parry fi átọ́ọ̀mù caesium ṣe agogo ní Teddington, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1955. Nígbà tí ó sì di ọdún 1967, àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan pé 9,192,631,770 irú ìgbọ̀nrìrì bẹ́ẹ̀ ni ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Boulder, ní Amẹ́ríkà, Jun Ye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lo átọ́ọ̀mù strontium. Ní ọdún 2022 wọ́n kéde pé agogo wọn rí ìyàtọ̀ àkókò láàrin ibi méjì tí kò fi ju mìlímítà kan ga ju ara wọn lọ, èyíinì ni ìlà tí ó kéré jù lọ lórí rúlà ọmọ ilé-ìwé.

Ẹnìkan lè wí pé, "Èwo ni tiwa nínú èyí?" Kí ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì tí ń fi ọ̀nà hàn wá ru agogo átọ́ọ̀mù lókè ọ̀run, agogo wọn ìbá sì máa fi ìdá 38 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣíwájú tiwa lójoojúmọ́. Bí a kò bá ti ṣe àtúnṣe sí i, láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo fóònù ìbá ti ṣìnà ní nǹkan bí 10 kìlómítà, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ọ̀nà láti Àkúrẹ́ sí Ìdànrè.

Nítorínáà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá béèrè ọ̀rọ̀ tí ó dàbí eré lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ìdáhùn sí ìbéèrè kékeré nípa agogo méjì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí gbogbo ayé lè máa mọ̀nà lónìí.