Ẹ Kọ́kọ́ Wo Déètì Fóònù Yín

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò: Ọ̀kan nínú wa tó ń ta èlùbọ́ ló jẹ́ ká kọ èyí. Ó fi update sí Chrome lórí fóònù rẹ̀ lálẹ́, iná ò sí, bátìrì kú pátápátá. Nígbà tó tan fóònù láàárọ̀, tó fẹ́ wọ sáìtì báńkì rẹ̀ kó wò bóyá owó oníbàárà ti wọlé, ohun tó rí ni 'Your connection is not private'. Ó ní update ló ba fóònù òun jẹ́. Ọmọkùnrin kan ní kó tẹ 'Advanced', kó tẹ 'Proceed', kó máa lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ wa.

Update kọ́ o. Déètì fóònù ló ti padà sí 2015 nígbà tí bátìrì kú.

Ẹ wo mílíìkì alágolo. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà lára agolo. Sáìtì báńkì náà ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Ìwé yẹn ni fóònù fi ń mọ̀ pé báńkì gan-an lòun ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe gbájúẹ̀. Bí fóònù bá rò pé 2015 la wà, á ní ìwé tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò purọ́, kàlẹ́ńdà rẹ̀ ni kò dáa.

Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá 'Date and time', ẹ tan 'automatic'. Kí àkókò jẹ́ ti Lagos, GMT+1. Ẹ pa Chrome, ẹ tún un ṣí. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ìyá elélùbọ́ fi rí owó rẹ̀.

Bí déètì bá dáa tí kò sì ṣí, bóyá Wáyífáì ẹlòmíì lẹ wà lórí ẹ̀: ẹ pa á, ẹ lo dátà tiyín. Bó bá jẹ́ sáìtì kan ṣoṣo ni kò ṣí, àwọn tó ni ín ló lẹ́bi. Ní 2020, Chrome àti Firefox kọ ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ àtijọ́, TLS 1.0 àti 1.1, sáìtì tí kò tún ara ṣe ò wá ṣí mọ́. Fóònù Android tí kò tó 7.1.1 náà ń jìyà: láti 2024, kò gba ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rí tí Let's Encrypt ń fún àwọn sáìtì lọ́fẹ̀ẹ́ gbọ́ mọ́. Ká tọ́jú owó fóònù míì ló dáa níbẹ̀.

'Proceed' yẹn ńkọ́? Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lórí ohun tó jẹ mọ́ owó. Ẹ ti ní kí fóònù má wo ìwé ẹ̀rí mọ́ nìyẹn, nọ́ńbà káàdì àti páásíwọ́ọ̀dù yín lè bọ́ sọ́wọ́ olè. Láti ìgbà tí owó náírà wọ́n ní 2023, ọ̀pọ̀ owó ìsọ̀ wa ti wà nínú fóònù. Bó bá di dandan, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín ni kẹ́ ẹ fi pe báńkì.

Ẹni tí kò bá rí Settings rẹ̀ kó mú fóònù wá sípàdé, a ó jọ wò ó. PIN yín, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan àwa.